Ime Udoka: Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ṣẹ́ kó tó di ọ̀gá

Eré 22 péré ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Houston Rockets borí nínú 82 tí wọ́n gbá ní sáà 2022 sí 2023. Lóṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n gba Ime Udoka ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, eré tí wọ́n borí di 41. Ní sáà kejì, ó di 52, Rockets sì ṣe ipò kejì ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn líìgì NBA.

Ta ni Udoka yìí? Portland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1977, àmọ́ ọmọ Akwa Ibom ni bàbá rẹ̀. Kì í ṣe gbajúmọ̀ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù o. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń ṣa ọ̀dọ́ lọ́dún 2000, kò sẹ́ni tó mú un. Ó gbá ní líìgì kéékèèké, ó gbá nílẹ̀ Yúróòpù, kó tó rí àyè ní NBA. Ó wọ aṣọ Nàìjíríà náà: ó wà nínú ikọ̀ tó lọ sí ìdíje àgbáyé ní Japan lọ́dún 2006, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí D'Tigers ṣe ipò kẹta nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2011.

Lọ́dún 2012 ló di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá lábẹ́ Gregg Popovich ní San Antonio Spurs. Ọdún méje ló lò níbẹ̀, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún 2014. Ó lo ọdún kan ní Philadelphia, ọdún kan ní Brooklyn. Ọdún 2021 ni Boston Celtics tó fi í ṣe ọ̀gá, ó sì gbé wọn dé àṣekágbá lọ́dún àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé Boston dá a dúró lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022 nítorí pé ó rú òfin ẹgbẹ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó ti kọ́ kò sọnù, òun ló bá a dé Houston.

Houston yìí náà ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ti gba ife NBA lọ́dún 1994 àti 1995. Àmọ́ ọ̀dọ́ mélòó ní Agbowa, Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ ló máa ga tó Olajuwon? Ọ̀nà Udoka ló gba èèyàn púpọ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbé aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ tí kò tíì gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ télọ̀ tó ń kọ́ ọ. Tó bá wá kan eré ìdárayá, a máa ń rò pé ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nìyẹn.

Rena Wakama, tó gbé D'Tigress gba ife Áfíríkà lọ́dún 2023 àti 2025, tó sì gbé wọn dé ìpele kọ́tà-fáínà ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kó tó gba ikọ̀ náà. Amẹ́ríkà ni òun àti Udoka ti kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 2022, ìjà àwọn alákòóso mú kí ìjọba yọ Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje òkèèrè. Kí wọ́n tó yí ìpinnu náà padà, àyè D'Tigress ní ìdíje àgbáyé ti bọ́ sọ́wọ́ Mali.

Bí agbábọ́ọ̀lù wa bá fẹ̀yìn tì, ta ni yóò gbà á sẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ta ni yóò sì san owó oṣù rẹ̀ fún ọdún tó fẹ́ fi kọ́ ọ? Ìbéèrè yẹn ló wà níwájú àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀.