Iná ọkọ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n kò ríran

Ẹni tó bá ti bá ọkọ̀ akẹ́rù gbéra ní Ṣakí lóru rí, tí iṣu àti gàrí kún ẹ̀yìn ọkọ̀ fọ́fọ́, tó sì fẹ́ bá ọjà òwúrọ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, mọ ohun tí iná iwájú ọkọ̀ jẹ́ fún àgbẹ̀ àti alájàpá. Iná méjì yẹn ni ojú awakọ̀. Òun ni yóò fi rí kòtò, òun ni yóò fi rí màlúù tó dúró sójú títì, òun náà ni yóò fi rí tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà tó jẹ́ pé ewé lásán ni wọ́n já sẹ́yìn rẹ̀ fún àmì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró sí gáréèjì ọkọ̀ akẹ́rù lọ́sàn-án gangan, tó wo iwájú àwọn Dyna, Canter àti píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó tò síbẹ̀, yóò rí i pé ojú iná ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pọ́n bí ìyeyè, ti àwọn mìíràn sì ti ṣe bàìbàì bíi pé ìkùukùu bò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà ọkọ̀. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán irú iná bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n tan iná tó ń wolẹ̀, èyí tí awakọ̀ ń lò bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ níwájú. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára iná tó ti pọ́n kò ju nǹkan bíi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ti iná tuntun lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé awakọ̀ tó rò pé iná méjì ni òun tàn, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú títì fún un kò tó ti ààbọ̀ iná kan.

Láti orí gíláàsì bọ́ sórí ike

Àwọn àgbà tó mọ gwòngwòrò àtijọ́, àti àwọn Mercedes 911 tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó kòkó àti pákó nílẹ̀ yìí, kò lè rántí ọjọ́ tí ojú iná wọn pọ́n. Ìdí ni pé gíláàsì gidi ló wà níbẹ̀. Òkúta lè fọ́ ọ, ìpẹtà sì lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kò rí gíláàsì ṣe. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1940 ni òfin ti fi dandan lé e pé iná gíláàsì tí wọ́n dí pa ni kí ọkọ̀ máa lò. Ọdún 1983 ni ìjọba ibẹ̀ yí òfin náà padà, Lincoln Mark VII ti ọdún 1984, tí ilé iṣẹ́ Ford ṣe, ló sì kọ́kọ́ gbé irú iná tuntun náà jáde níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ike tí wọ́n ń pè ní polycarbonate gba ipò gíláàsì káàkiri ayé. Ó fúyẹ́, òkúta kì í tètè fọ́ ọ, wọ́n sì lè ṣe é sí ìrísí tó bá wù wọ́n.

Àléébù rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ rọ̀, ìtànṣán oòrùn sì ń jẹ ẹ́. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe é fi máa ń fi ohun kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lójú láti ilé iṣẹ́. Ìbòjú yìí ni aṣọ rẹ̀. Bí oòrùn, iyanrìn, eruku àti ọjọ́ orí bá ti gbó aṣọ náà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó, oòrùn yóò bọ́ sára ike gan-an, yóò sì máa pọ́n. Oòrùn ilẹ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn ilẹ̀ Jámánì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kì í sábà sùn lábẹ́ òrùlé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le sí i

Ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2020. Ó ní láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, tí wọ́n ti lò rí, ló kúrò ní Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí òkè òkun. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí jájẹ ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù lọ sí, Áfíríkà ló sì gbà ju ibi gbogbo lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń pè ní tòkunbọ̀ ló jẹ́ pé aṣọ ojú iná wọn ti gbó kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ náírà tún dé. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi N460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní N1,500. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ tó ti ń gbèrò láti pààrọ̀ ọkọ̀ ló pa èrò náà tì. Ọkọ̀ tí wọn ìbá ti tà ló ṣì ń kó ẹrù, owó pààtì tó ń bá dọ́là rìn sì ti ga ju apá lọ.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹlòmíràn ló ni ọkọ̀, ẹlòmíràn ló ń wà á, ẹlòmíràn ló sì ni ẹrù. Awakọ̀ ń dá iye kan fún ọlọ́kọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí táyà bá bẹ́, ọkọ̀ kò ní lè lọ, àwọn méjèèjì yóò sì jọ wá owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tó pọ́n kì í dá ọkọ̀ dúró. Ọlọ́kọ̀ yóò ní, "Ṣé kò tàn ni?" Awakọ̀ yóò ní ọkọ̀ kì í ṣe ti bàbá òun. Ẹlẹ́rù, tó jókòó sórí iṣu rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó gbé òun kò ríran dáadáa.

Ìtọ́jú tó ń tan ni jẹ

Nítorí owó, ọgbọ́n orí ni ọ̀pọ̀ ń dá. Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọyín àti àkísà ha á. Òótọ́ ni pé yóò mọ́, nítorí iyẹ̀fun líle tó wà nínú ọṣẹ náà ń ha díẹ̀ kúrò lára ike tó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ló ṣì wà, oòrùn yóò sì tún mú un láìpẹ́. Àwọn mìíràn ń fi bẹntiróòlù tàbí òògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fi para nù ún. Èyí burú jù, nítorí wọ́n lè yọ́ ojú ike náà tàbí kí wọ́n mú un sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Kò sí ìtọ́jú mọ́ fún iná tó bá ti sán.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n ra gílóòbù tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí wọ́n ki 100 wáàtì sí ibi tí wọ́n ṣe fún 55. Kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ike tó ti ṣe bàìbàì kì í darí ìmọ́lẹ̀ síbi kan, ńṣe ló ń fọ́n ọn káàkiri. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò ṣe máa ta sí ojú awakọ̀ tó ń bọ̀, títì kò sì ní mọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ooru gílóòbù bẹ́ẹ̀ sì lè jó wáyà àti ìdí iná.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tí àìsàn wà. Kí wọ́n bu omi sí ojú iná náà. Bí ó bá mọ́ gaara nígbà tó tutù, tó sì tún padà ṣe bàìbàì nígbà tó gbẹ, a jẹ́ pé ìta ni àìsàn wà, ó sì ní ìwòsàn. Bí kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi ló wọ inú rẹ̀, tàbí pé fàdákà inú rẹ̀ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ jáde ti bó. Kò sí hínha ìta tó lè wo ìyẹn. Kí rewáyà sì yẹ wáyà wò, nítorí wáyà tó ti dípẹtà lè mú kí iná ṣe bàìbàì bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́.

Bó bá jẹ́ ìta ni, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi téèpù bo ọ̀dà ọkọ̀ tó yí i ká. Sáńpépà olómi ni wọn yóò lò, láti orí nọ́ńbà 600 bọ́ sí 1000, kí wọ́n tó lo 2000, kí omi má sì dá lójú rẹ̀. Kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni bó bá funfun bí ẹfun lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi ìpara tí àwọn akunkọ̀ ń lò dán an títí yóò fi mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọn yóò rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Aṣọ tuntun ló kù, ìyẹn kílíà tó lè gba ìtànṣán oòrùn, tí wọn yóò fọ́n ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ dán an wò ní igun kan. Ẹni tó bá fo èyí, oṣù díẹ̀ ló fi ra ìgbádùn.

Iṣẹ́ yìí ní òpin. AAA rí i pé iná tí wọ́n bá tún ṣe ń padà sí nǹkan bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti tuntun. Ayédèrú tuntun, tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ṣe é, ń mú láàárín 83 sí 90 jáde, ṣùgbọ́n kì í sábà tan ìmọ́lẹ̀ síbi tó yẹ. Ojúlówó nìkan ló ń mú gbogbo rẹ̀ padà.

Bí ó bá di pípààrọ̀

Àwọn tó bá ń lọ ra iná tòkunbọ̀ ní Ládipọ̀ l'Ékòó tàbí ní Àràrọ̀mí n'Ìbàdàn gbọ́dọ̀ rántí ohun kan tí àwọn àgbà kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún. Japan àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lápá òsì títí di òní. Iná tí wọ́n ṣe fún wọn máa ń na ìmọ́lẹ̀ sí òsì, níbi tí etí títì wọn wà. Bí wọ́n bá gbé e wá síbí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń nà sí. Kí olùrà béèrè ilẹ̀ tí iná náà ti wá. Bó bá délé, kó dojú ọkọ̀ kọ ògiri lóru lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó tan iná tó ń wolẹ̀. Apá ọ̀tún ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti ga jù. Bó bá jẹ́ òsì ló ti ga, kó dá a padà.

Ipa ti ìjọba

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti wà láti ọdún 1988, ìlọ́dọọdún ló sì máa ń kìlọ̀ fún awakọ̀ bí oṣù tó kẹ́yìn ọdún bá ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró lọ́sàn-án láti yẹ iná rẹ̀ wò, kí awakọ̀ ṣáà ti tàn án ni. Lábẹ́ oòrùn, iná tó ń tàn àti iná tó ń ríran kò ní ìyàtọ̀ kankan. Bí àjọ náà àti àwọn VIO bá fẹ́ kí ìkìlọ̀ wọn wúlò, kí wọ́n máa wo ojú iná gan-an, kí wọ́n sì máa fún ọlọ́kọ̀ ní gbèdéke láti tún un ṣe dípò owó ìtanràn nìkan, nítorí àtúnṣe yìí kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń gba owó ní gáréèjì lójoojúmọ́ náà lè ya akunkọ̀ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹlẹ́rù pàápàá lẹ́nu ọ̀rọ̀: kó tó di iṣu rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí yóò rìn lóru, kó lọ wo iwájú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Owó sáńpépà àti kílíà kò tó owó iṣu tó dà sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká má tíì sọ ti ẹ̀mí tó jókòó lé e lórí.