Ṣé O Rí I Ni, Àbí Wọ́n Sọ Fún Ọ?



Ní táàmù tó kọjá, owó tí kíláàsì wa dá jọ sọnù. Ẹnì kan ní, "Ó jọ pé ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn yẹn ló mú un." Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi, "ó jọ pé" ti já bọ́ lọ́nà. Èmi náà sọ fún èèyàn mẹ́ta pé, "Òun ló jí i." Ọjọ́ mẹ́rin ni ọmọ yẹn ò fi wá sílé ìwé. Lọ́jọ́ karùn-ún, a rí owó náà nínú rẹ́jísítà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kì í bá mi rìn lọ sílé mọ́.

Ẹ̀bi èdè wa kọ́. Yorùbá ti fún wa ní "wọ́n ní", "mo gbọ́ pé", "bóyá" àti "kò dá mi lójú". Àwa la ń jù wọ́n nù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olubi Sodipo, gíwá àkọ́kọ́ ní yunifásítì tó wà ní Àgó-Ìwòyè, tí kò jìnnà sí wa, tí à ń pè ní OOU báyìí, kọ ìwé kan pẹ̀lú Barry Hallen lọ́dún 1986. Wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Ohun tó hàn síni níbẹ̀ ni pé, ohun tí o fojú ara ẹ rí lo mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, o kàn gbà á gbọ́ ni, àfi tí o bá wádìí ẹ̀. Ta ni nínú wa ló fojú rí ọmọ yẹn tó ń mú owó?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo káàtúùnù Japan, ẹ ti gbọ́ "Uso!" rí. Irọ́ ló túmọ̀ sí, bí àwa náà ṣe ń pariwo "Irọ́!" sí ọ̀rẹ́ wa. Tí wọ́n bá sì ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n á fi "sō desu" kádìí ẹ̀, bíi "wọ́n ní" tiwa.

Àwọn kan á ní "wọ́n ní" gan-an ni olófòófó fi ń bojú. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ń gbọ́ béèrè pé, "Ta ló ní?"

A ò lè sọ "Irọ́!" fún àgbà. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, tí ọmọ kan bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo la ṣe mọ̀?" ẹ má rò pé ó rí yín fín. Ó fẹ́ kúrò ní ìgbàgbọ́ bọ́ sí ìmọ̀ ni.

Àgbà òṣìkà ni agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá. Èmi ò tíì dàgbà, mo ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tèmi, ẹ má dá a.