Ta Ló Ń Sọ̀tàn Náà Fún Ẹ?

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, tẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Ẹ̀fìrẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ṣèdánwò lítíréṣọ̀ Yorùbá, ẹ súnmọ́ bí.

Lọ́dún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde. Sẹ̀gilọlá lorúkọ ẹ̀. Ó lóun ti dàgbà, àìsàn ti dá òun wó, òun sì fẹ́ẹ́ ròyìn bóun ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíì l'Ékòó nígbà tẹ́wà òun ṣì ń dán. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn èèyàn ń kà á, àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ó wà láyé lóòótọ́. Àṣé kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kankan! I.B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń fi gègé sọ ara ẹ̀ di obìnrin. Lọ́dún 1930 ni gbogbo ẹ̀ di odidi ìwé.

Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Thomas ló kọ ọ́, Sẹ̀gilọlá ló ń sọ ọ́. Òǹkọ̀wé yàtọ̀, asọ̀tàn yàtọ̀. Èyí tó ń ní "èmi, èmi" yẹn làwọn tíṣà ń pè ní asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe. Ohun tó bá mọ̀ nìkan ló lè sọ, ó sì lè gbè sẹ́yìn ara ẹ̀, kódà ó lè purọ́! Arínú-róde ní tiẹ̀ mọ ohun tó wà níkùn gbogbo ẹ̀dá ìtàn. Fágúnwà tún dọ́gbọ́n sí i nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ lọ́dún 1938: Àkàrà-oògùn ń rò ó, ẹlòmíì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé Fágúnwà lọ sígbó lọ bá iwin jà, máàkì ti lọ nìyẹn.

Ẹ má fojú kéré ibùdó ìtàn náà o. Ẹni tó bá fi ìtàn ẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lè jẹ́ ká gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú. Tó bá gbé e lọ sí Ìwòpin, ọ̀sà la máa bá pàdé, ọkọ̀ ojú omi sì lọmọbìnrin tó ń sá fún ọkọ máa wọ̀. Àhunpọ̀ ìtàn ti yí padà nìyẹn, torí ẹni tó wọkọ̀ ojú omi ò lè sáré ju ẹni tó ń wà á lọ.

Iṣẹ́ tiyín rèé: ẹ mú ìwé tí wọ́n yàn fún un yín (kì í ṣe pélébé tí wọ́n ti gé ìtàn kúrú sí o!), kẹ́ ẹ tún ojú ìwé kan sọ látẹnu ẹ̀dá ìtàn míì. Ọkọ tíyàwó ń bú látìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kóun náà sọ tẹnu ẹ̀.