Èkó Tí A Fi Ẹsẹ̀ Wò

Ní ọjọ́ tí Adámú Òrìṣà bá jáde ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà lójú agbo, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù kọjá, bí ó ti wù kí ó lówó tó. Ọ̀pá Ẹ̀yọ̀ kò mọ ọ̀gá. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó dá èèwọ̀ yìí sílẹ̀ ti mọ̀ pé ìlú náà kì í fi ara rẹ̀ han ẹni tí ó ń sáré.

Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà títí di oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti rò pé ọjà àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ nìkan ni ó kù ní Erékùṣù Èkó. Irọ́ gbáà ni. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní Ọlọ́wọ́gbowó ti dé àdúgbò àwọn Sàró, níbi tí Tunde King ti ń ta gìtá-báńjò rẹ̀ ní ààrin ọdún 1930 sí 1939, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Yàrá àlejò ni orin náà ti dàgbà kí ó tó di ti orí ìtàgé. Bí ẹni náà bá tún rìn síwájú díẹ̀, yóò kan mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, Àgùdà kan, ni ọ̀gá àwọn tí ó kọ́ ọ, iṣẹ́ ọnà ara ògiri rẹ̀ sì ń pe Bràsíìlì.

Ní Òpópónà Broad, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn Òyìnbó amúnisìn kọ́, tí a ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ rí, ni ó di Freedom Park ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni orí ìtàgé wà. Ẹni tí ó bá mọ èyí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ yóò gbọ́ ìlù náà lọ́nà mìíràn.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n rí ẹni gbà á là, ilé ẹlẹ́wà kò rí. Ní Tinúubú, ìdílé Fernandez kọ́ ilé kan ní 1855, èyí tí gbogbo Èkó wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ìkéde náà fi wà nínú ìwé, kò sì lè dá katakata kan dúró.

Ìpalára náà dé ọ̀dọ̀ àwọn onílù pẹ̀lú. Nígbà eré Fàńtì ní Pópó Àgùdà, òpópónà ni gbọ̀ngàn, ojú fèrèsé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ni ìjókòó àwọn òǹwòran. Bí a bá fi gíláàsì àti ilé ìtajà rọ́pò wọn, ta ni àwọn onílù yóò máa gbójú sókè kí?

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn onílé. Ilé àjogúnbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn; àrólé pọ̀, òrùlé ń jò, ilẹ̀ Èkó sì gbówó lórí. Ìwé tí ó ní kí wọ́n má wó ilé kò bá wọn ra páànù kan ṣoṣo. Ìjọba tí ó bá fún ilé ní orúkọ gbọ́dọ̀ fún un ní owó àtúnṣe, kí ó sì yọ̀ǹda owó orí ilẹ̀ fún ẹbí tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ lè di ti olórin àti ayàwòrán, kí owó ìwọlé sì máa tún òrùlé ṣe.

Kí a kọ́kọ́ ka àwọn ilé Àgùdà tí ó kù. Òṣìṣẹ́ díẹ̀ tí ó ní ìwé àti gègé lè ṣe é, bí wọ́n bá lè fi mọ́tò sílẹ̀ ní ọ́fíìsì.