Owó Afẹ́fẹ́ Ń Bẹ Nínú Owó Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó yẹ kí a sọ kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa tó tún yá ẹnikẹ́ni lówó ẹ̀rọ.

Àwọn ọmọ wa tí ń ṣe káfíńtà ní Kugbo àti Dei-Dei ń fẹ́ ra ẹ̀rọ CNC, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí. Irú tí ó wù wọ́n jù ni èyí tí ń pààrọ̀ bíìtì fúnra rẹ̀. Bí ó bá fi bíìtì ńlá gé pákó tán, yóò gbé e sílẹ̀, yóò sì mú kékeré láti fi ya òdòdó sí ara ilẹ̀kùn. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n gbogbo owó ni wọ́n ń kó lé ẹ̀rọ lórí, wọn kì í ka afẹ́fẹ́ sí.

Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gan-an ni ó ń tú bíìtì sílẹ̀. Sípíríìnì líle ni ó dì í mú, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń ti sípíríìnì náà kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí, bí iná bá lọ lójijì, bíìtì kì í jábọ́. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ kò bá lágbára tó, sípíríìnì kò ní í tú tán, ẹ̀rọ yóò sì máa fa ohun tí a kò tíì jọ̀wọ́. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń béèrè tó bar 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni kí a tẹ̀ lé.

Àwọn kan ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bíi ti fọkanáísà ti tó. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Táyà lè gba omi díẹ̀ mọ́ra, orí ẹ̀rọ kò lè gbà á. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ a máa gbóná. Bí ó bá tutù, omi inú rẹ̀ a dà sílẹ̀, pàápàá ní àkókò òjò. Bí omi náà bá dé orí ẹ̀rọ, irin yóò dípẹtà.

Nítorí náà, kí a rí nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé ẹ̀yáwó: táǹkì tí ó tóbi tó, ẹ̀rọ tí ń gbẹ omi inú afẹ́fẹ́, asẹ́ àti régúlétọ̀ tí ó ní àgogo, àti súwíìṣì tí yóò dá ẹ̀rọ dúró bí afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀. Kí páìpù dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ibi tí a ti ń tú omi, kí a sì gba ẹ̀ka rẹ̀ láti òkè, kí omi má bàa tẹ̀ lé e. Kí a máa tú omi táǹkì lójoojúmọ́. Kí a fi omi ọṣẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ẹ̀kọ́ tí fọkanáísà lè kọ́ wa nìyẹn. Kí ọmọṣẹ́ kankan má sì fi ìka sí abẹ́ orí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a ti pa iná, tí a sì ti tú afẹ́fẹ́ họ́ọ̀sì dànù.

Wọ́n á ní owó náà yóò pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó dúró kò dá ẹ̀yáwó dúró. Owó ìyá aláta àti ti baba aláṣọ ni a ń yá wọn, àwọn onídùúró wọn sì ń bẹ láàárín wa. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àbá mi ni pé kí a má ṣe fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni tí kò bá ka owó afẹ́fẹ́ mọ́ owó ẹ̀rọ. Ó sàn kí ọmọ wa dúró díẹ̀ sí i ju kí ó ra ẹ̀rọ tí kò ní èémí. Ẹ jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ire o.

Akọ̀wé yín