Ibi Tí Ọmọ Wa Ti Ń Kàwé, Ìlú Wa Ni

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní àdúgbò wa ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí, nítorí pé ẹnu ọ̀nà wa ló wà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà á kún ohun tó kàn wá.

Ní Festac Town, ní Kuje àti káàkiri Amuwo-Odofin, kò sí ibi tí ènìyàn kò ti wá. Àlejò ni a tilẹ̀ kọ́ Festac fún: àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1977. Láti ìgbà náà ni Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ìgbò, Ìbíbíò àti Ẹ̀gùn ti di aládùúgbò ara wọn lórí ilẹ̀ Àwórì. Bí oṣù bá parí, olúkúlùkù a gba ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ lọ, a ó dáwó fún gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró. Ṣùgbọ́n ta ni ń dáwó fún ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń lọ láràárọ̀?

Kì í ṣe pé a kò mọ̀ bí a ti í ṣe é. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Wọn kò dúró de ìjọba. Ní 1938, àwọn Ìbíbíò fi owó tí wọ́n dá jọ rán akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ sí yunifásítì lókè òkun. Ìfẹ́ ìlú ẹni ló gbé wọn ṣe é.

Nígbà tó yá, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Alhaji Lateef Jakande gbé e kalẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́yìn tó di gómìnà ní 1979. Òfin ọdún 2004 sì sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ọpẹ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “ọ̀fẹ́” yìí ti mú kí a fọwọ́ lẹ́rán. Bàtà tó já, ìwé tó tán, aṣọ ilé-ìwé tó ti fún jù, owó ọkọ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń dá ọmọ dúró sílé. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, àìrí ohun tí yóò fi tọ́jú ara rẹ̀ nígbà nǹkan oṣù lè mú un pa ilé-ìwé jẹ lóṣooṣù. Bí ọmọ bá pa á jẹ títí, ojú a máa tì í láti padà. Kò pẹ́ tí ẹ ó fi rí i lójú ọ̀nà Badagry, tó ń kiri omi inú ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ wa tún un ṣe. Èésú àti àjọ kò ṣàjèjì sí obìnrin Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Bí obìnrin 40 bá ń dá 500 náírà lóṣù, 20,000 náírà ni lóṣù, 240,000 náírà lọ́dún. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì.

Ọ̀nà kìíní ni ti ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ léèrè ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ mú ẹyọ kan lọ́dún: bẹ́ǹṣì fún kíláàsì kan, tàbí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ẹ san owó náà fún káfíńtà fúnra yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ọ̀nà kejì ni owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí já jẹ. Níhìn-ín ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí owó yín bá tó ọmọ márùn-ún lọ́dún yìí, ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ẹ fi ìyókù pamọ́ dè wọ́n. Ìrànlọ́wọ́ tó já ọmọ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà a máa dùn ún ju kí ó má rí i rárá.

Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ tó mọ ọmọ náà dárúkọ rẹ̀. Kí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn má ṣe wọ̀ ọ́, kí ọmọ alága má sì ṣáájú. Ẹ má pe ọmọ síta lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọ aláìní náà ní iyì.

Ní ti owó, a máa ba ọ̀rẹ́ jẹ́ bí a kò bá fi ìmọ́lẹ̀ sí i. Kí akápò yàtọ̀ sí akọ̀wé. Kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ síwèé kí báńkì tó san kọ́bọ̀. Kí a ka ìṣirò jáde ní gbogbo ìpàdé, títí kan owó tí a fi ra bírò.

Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni ọmọ tèmi ń lọ.” Ìyá, òpópónà kan náà ni ọmọ rẹ àti ti aládùúgbò rẹ yóò jọ máa rìn lọ́la. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àwọn àgbà kò sì sọ pé ilé ti bàbá rẹ̀ nìkan ni.

Nítorí náà, ẹ wá ẹni mẹ́ta ní òpópónà yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra ìwé ìṣirò kan, kí ẹ sì lọ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ó dòṣù tó ń bọ̀. Ọlọ́run yóò wo àwọn ọmọ fún wa.