Ìpẹtà Pupa, Ìpẹtà Dúdú: Èrò lórí Èdè-Ìperí Àtúnṣe Ìbọn Àtijọ́

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun. Nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kó sí odò Ọ̀tìn bí wọ́n ti ń sá lọ ni wọ́n ṣe ń pe ogun náà ní Jálumi. Ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu ki ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn jagunjagun ìgbà náà, àwọn alágbẹ̀dẹ ni ó sì ń tún un ṣe. Àtúnṣe ìbọn kì í ṣe ìmọ̀ àjèjì ní Ìkìrun. Kò sì yẹ kí èdè rẹ̀ di èdè àjèjì.

Àwọn kan gbà pé ohun tí ó kù ni láti wá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ. Èyí kò tọ̀nà tán. Alágbẹ̀dẹ ti ní ẹwìrì, owú àti ẹ̀mú. Ọdẹ ti ní ẹ̀tù, ọta, ẹnu ìbọn àti ìdí ìbọn. Ewu tí ó tóbi jù ni orúkọ kan ṣoṣo tí ó ń jẹ́ ti ohun méjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà ìpẹtà ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ènìyàn mọ ìpẹtà pupa tí ń jẹ irin run. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tún ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ ṣe a máa mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ dípẹtà díẹ̀, a sè é nínú omi tí ń hó, a sì ha èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí ara ọ̀pá yóò fi dú. Irin àti ọ́síjìn ni ó para pọ̀ di méjèèjì, ṣùgbọ́n pupa ń jẹ irin, dúdú ń dáàbò bò ó. Bí ìwé kan bá kọ "ìpẹtà" lásán, tí ó ní kí wọ́n ha á kúrò, òǹkàwé yóò ha iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ dànù. Ọ̀nà tí ó yá jù, èyí tí wọ́n fi ń ri irin sínú kọ́sítíìkì gbígbóná, kò sì dára fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, nítorí a máa jẹ òjé àti tánńganran tí wọ́n fi so ọ̀pá méjèèjì pọ̀. Ìpẹtà pupa àti ìpẹtà dúdú ni ó yẹ kí ó wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀.

Ti ẹ̀tù le ju èyí lọ. Èédú, imí ọjọ́ àti saltpetre ni ẹ̀tù àtijọ́. Ní 1884 ni Paul Vieille, ará Faransé, ṣe èyí tí kì í rú èéfín púpọ̀. Bí wọ́n bá lo ẹ̀tù tuntun nínú ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún ti àtijọ́, ọ̀pá náà lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ilé ìdánwò ìbọn ní Birmingham, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1813, ń lu àmì sára ọ̀pá kí oníbọn lè mọ̀ pé wọ́n ti dán an wò. Ó yẹ kí èdè Yorùbá náà ní àmì tirẹ̀: ẹ̀tù eléèéfín àti ẹ̀tù aláìléèéfín.

Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pàápàá kò ka ṣakabùlà àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì sí ọ̀kan náà. Ó yẹ kí olùtumọ̀ náà pààlà: àtẹnuki ni èyí tí ọta ń gba ẹnu wọ̀, àtìdíki ni èyí tí ń ṣẹ́ láti ìdí. Kò sí ohun tí ó burú nínú kátíríìjì, nítorí ọdẹ ti sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kò sí ìbọn nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpẹtà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wọ àkójọ, kí olùkọ́ gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ ní Ìkìrun, Iníṣà tàbí Òkúkù. Bí alágbẹ̀dẹ bá gbọ́ ọ, tí ó sì mú irin tí ó tọ́, ọ̀rọ̀ náà yè. Bí ó bá mú òmíràn, kí wọ́n padà lọ ronú.